Ògùrọ̀ Kíkan Kò Lè Sọ Ọjà Tó Bu Di Tuntun

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọlọ́jà sọ níbi ìpàdé gbogbogbò)

  Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ọkọ̀ ojú omi wá sí Ìgbókòdá láti Ayétòrò, láti Ùgbònlà, láti Awóyè àti gbogbo abúlé etí òkun, ẹ kú ewu omi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ẹja, edé, pupuru, gàrí, ẹ̀pà àti ata gbígbẹ, ẹ kú ọjà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ògùrọ̀ náà, a kí yín lọ́tọ̀, torí pé ọ̀rọ̀ tiyín ló pọ̀ jù nínú ohun tí a fẹ́ sọ lónìí. 

Ìyálọ́jà ní ká má pẹ́. A ó gbìyànjú.

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Ẹ rántí pé nígbà òjò tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan ń lọ káàkiri ọjà pé béèyàn bá fi ògùrọ̀ tó ti kan fọ ọjà tó bu, tó sì sá a sóòrùn, bíbu náà á kú, ọjà á padà bọ̀ sípò. Àwọn kan ní àwọn ti ṣe é rí, ó sì ṣiṣẹ́. Ẹnì kan tilẹ̀ mú fóònù ọmọ rẹ̀ wá, ó ní ká wo ohun tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ní òkè òkun kọ, pé omi ṣúgà tí wọ́n bá fi sílẹ̀ títí tó fi kan máa ń bá nǹkan tó ń bu oúnjẹ jà. Ọ̀rọ̀ náà di àríyànjiyàn ní ìlà àwọn alápupuru, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà, ó ní kí akọ̀wé lọ wádìí.

Ẹ mọ̀ pé ìwé tí a kà kò ju pírámárì lọ. Ṣùgbọ́n a bímọ, a ní ọmọ-ọmọ, a sì ní etí. Wọ́n ka ìwé náà fún wa, wọ́n túmọ̀ rẹ̀, ibi tí kò yé wa, a ní kí wọ́n tún un kà. Ohun tí a rí níbẹ̀ ni a wá sọ. Apá kan ọ̀rọ̀ tó ń lọ nínú ọjà yẹn, òótọ́ ni. Apá kejì lè pa èèyàn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ bíbu. Ohun funfun bí òwú, tàbí aláwọ̀ ewé, tàbí dúdú, tí ẹ máa ń rí lára búrẹ́dì, lára pupuru, lára ẹja gbígbẹ, kì í ṣe eruku. Kì í sì ṣe iyọ̀ tó sun jáde lára ẹja, bí àwọn kan ṣe máa ń sọ fún oníbàárà. Ohun alààyè ni. Ará ilé olú ni, olú tí à ń já nínú igbó yẹn. Irúgbìn rẹ̀ kéré débi pé ojú kò lè rí i, inú atẹ́gùn ló ń fò kiri, kò sì sí àtẹ tí kì í bà lé. Ṣùgbọ́n bíbà lé nǹkan kì í ṣe híhù. Kó tó hù, ó ń fẹ́ oúnjẹ, ó ń fẹ́ ooru, ó ń fẹ́ atẹ́gùn, ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń fẹ́ omi. Ní ilẹ̀ Ìlàjẹ wa yìí, ṣé omi ló wọ́n ni? Omi wà lábẹ́ ilé, omi wà lókè, àní inú atẹ́gùn tí à ń mí pàápàá, omi ni. Tẹ́ ẹ bá ká aṣọ gbígbẹ sínú àpótí ní oṣù Keje, ẹ ó bá a ní tútù. Ìdí nìyẹn tí ọjà àwọn ará òkè fi lè pẹ́ nílẹ̀ kó má bu, tí tiwa á sì bu láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ wo pupuru. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe é mọ iṣẹ́ náà jù wá lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó nítorí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀. A ó bó ẹ̀gẹ́, a ó rẹ ẹ́ sómi fún bí ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà títí yóò fi rọ̀ tí yóò sì kan, a ó yọ okùn inú rẹ̀, a ó dì í sápò, a ó gbé nǹkan wúwo lé e kí omi ro. Lẹ́yìn náà la ó mọ ọ́n róbótó róbótó, a ó tò ó sórí pẹpẹ, iná àti èéfín ni yóò sì gbẹ ẹ́. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti dúdú tó sì le, a ó ní ó ti gbẹ. Ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Ẹ̀yìn lè gbẹ kí inú ṣì tutù. Bí a bá wá dì í sínú ọ̀rá ní gbígbóná, tí a so ọ̀rá náà pa, ooru á di omi lára ọ̀rá, omi á kán padà sórí pupuru. Kí ọkọ̀ ojú omi tó dé Ìgbókòdá, kí mọ́tò tó gbé e dé Òkìtìpupa tàbí Oǹdó, bíbu ti ń ṣọdún níbẹ̀.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ògùrọ̀ wá kàn.

Omi tó ń ro láti ara igi ògùrọ̀ nínú irà, omi ṣúgà ni. Ìdí tó fi ń dùn nìyẹn nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárọ̀. Kò tíì dé ilẹ̀ tí ìwúkàrà ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ṣúgà náà. Ìwúkàrà yìí ló ń sọ ṣúgà di ọtí, òun náà ló ń jẹ́ kó máa hó tí ìfófó fi ń bo ẹnu kẹ́ẹ̀gì. Kì í ṣe òun nìkan ló wà níbẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí mìíràn wà pẹ̀lú rẹ̀, ìran àwọn tó ń mú ògì kan, tó ń mú fùfú kan, tó sì ń mú ẹ̀gẹ́ tí a rẹ fún pupuru kan. Tó bá wá di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, ìran kẹta á gba ipò. Àwọn yẹn ló ń sọ ọtí náà di ọtí kíkan, irú èyí tí Bíbélì dárúkọ, èyí tí wọ́n ń tà nínú ìgò ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń pè ní fínígà. Ẹni tó bá mu ògùrọ̀ ọjọ́ kẹrin mọ ohun tí à ń sọ, ojú onítọ̀hún á yí padà.

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló wádìí nǹkan báyìí. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olumbe Bassir ní Yunifásítì Ìbàdàn kọ̀wé lórí bí ẹmu ṣe ń kan ní ọdún 1962. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Nduka Okafor ní Nsukka náà ṣiṣẹ́ gidi lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹmu. Àwọn ìyá wa tí kò kàwé sì ti mọ̀ kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tó dé, torí kò sí ohun tuntun nínú pé kíkan ń ṣọ́ oúnjẹ. Ẹ wo ògì. Èyí tó wà lábẹ́ omikan, tí à ń pààrọ̀ omi orí rẹ̀, ó lè pẹ́ nílẹ̀ kó má ṣe nǹkan kan. Èyí tó yọrí sókè omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, ẹ lọ wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ẹ ó bá nǹkan pupa tàbí dúdú lára rẹ̀. Ògì kan náà, inú ìkòkò kan náà. Omikan bo ọ̀kan, kò bo èkejì. Kíkan wà níbẹ̀, atẹ́gùn kò sì rọ́nà wọlé.

Báwo ni kíkan ṣe ń ṣe é? Ọmọ wa kan tó kàwé ṣàlàyé rẹ̀ títí, kò yé wa, àfìgbà tí a fi ọkọ̀ ojú omi rò ó. Ẹ fojú inú wo ọkọ̀ tó lu. Omi ń wọlé, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń gbọ́n ọn síta. Bó bá ti ń gbọ́n omi, kò lè tukọ̀, ojú kan náà ló máa wà. Bẹ́ẹ̀ ni kíkan ṣe ń ṣe bíbu. Ó ń jò wọ inú ara rẹ̀, bíbu sì ní láti máa tì í jáde. Gbogbo agbára tí ì bá fi dàgbà, ibẹ̀ ló ń lọ. Bí kíkan náà bá pọ̀ gan-an, ọkọ̀ á rì, bíbu á kú. Bí kò bá pọ̀ tó, kò kú o, kò kàn lè dàgbà ni. Lọ́jọ́ tí kíkan bá dín kù, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í tukọ̀ rẹ̀ lọ. Kíkan inú fínígà sì máa ń le mọ́ ọn ju kíkan inú omikan lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kíkú àti àìlèdàgbà yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú un dání, a ó padà síbẹ̀.

Ohun tí wọ́n kà lórí fóònù yẹn, a ti wò ó. Omi ṣúgà kan wà tí wọ́n ń pè ní kefir olómi. Ní Mẹ́síkò, tibicos ni wọ́n ń pè é. Ó ní kóró kan tó mọ́ bíi yìnyín fífọ́, ìwúkàrà àti àwọn kòkòrò tó ń mú nǹkan kan ló kóra jọ sínú rẹ̀. Wọ́n á jù ú sínú omi tí wọ́n po ṣúgà sí, ó di ọjọ́ kejì, omi náà ti ń kan, ó ti ń hó díẹ̀díẹ̀. Ẹ rí i pé ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni òun àti ògùrọ̀. Ní Uruguay, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, àwọn onísáyẹ́ǹsì tẹ ìwé jáde ní ọdún 2019 lórí bí a ṣe lè fi àwọn kòkòrò inú kefir olómi dènà bíbu kan tó ń jẹ́ Aspergillus flavus nínú ọkà bàbà tí wọ́n ń dì pamọ́ fún ẹran ọ̀sìn. Òótọ́ ni, nǹkan yìí wà, ẹni tó sọ ọ́ kò purọ́.

Àmọ́ ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí bíbu tó mú ọkà ni wọ́n ń fi kòkòrò náà sí i. Wọ́n á wá dì í pa kí atẹ́gùn má wọlé. Wọn ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni mú ọkà tó ti bu, kó fi omi kíkan fọ̀ ọ́, kó sá a sóòrùn, kó wá gbé e fún ìyàwó ilé pé tuntun ni. Ibi tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ tiwọn sí kọ́ ni àwa bá a dé. Àwa la fa gígùn kún un.

Kí ló dé tí fífọ̀ ọ́ kò fi tó? Nítorí pé bíbu tí ojú rí kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Èyí tó wà lókè, bí òdòdó rẹ̀ ló rí. Okùn rẹ̀ ti wọ inú lọ kí òdòdó tó yọ. Ẹ lè fi aṣọ nu òkè, ẹ lè fi ògùrọ̀ fọ̀ ọ́ kó funfun báláú, okùn ṣì wà nínú. Èyí gan-an kọ́ ló sì burú jù.

Èyí tó burú jù ni pé àwọn bíbu kan máa ń ṣe májèlé sínú oúnjẹ. Ní ọdún 1960, àwọn tòlótòló tó ju ọ̀kẹ́ márùn-ún lọ, ìyẹn 100,000, kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò mọ ohun tó ń pa wọ́n. Wọ́n wádìí wádìí, wọ́n bá a nínú oúnjẹ wọn: ẹ̀pà tó ti bu ni wọ́n lọ̀ mọ́ ọn. Aspergillus flavus tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan yẹn ló wà nídìí rẹ̀, májèlé rẹ̀ ni wọ́n wá ń pè ní aflatoxin. Ẹ ní tòlótòló nìyẹn, kì í ṣe èèyàn? Ní ọdún 2004, ní ìlà oòrùn Kenya, àwọn èèyàn kó àgbàdo tí kò gbẹ dáadáa sínú ilé, ó bu, wọ́n jẹ ẹ́. Ènìyàn 317 ni wọ́n kà pé ó ṣàìsàn, 125 nínú wọn kú. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé náà ń bà jẹ́. Ẹni tó bá jẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀ lè mú un, kò sì ní sí ẹni tó máa rántí ẹ̀pà tàbí àgbàdo tó rà lọ́wọ́ wa.

Iná ìdáná tiwa yìí kì í pa á. Ẹ sè é, ẹ dín in, ẹ yan án, ó ṣì wà níbẹ̀. Oòrùn kò ní kó lọ. Ògùrọ̀ kíkan, bó ti wù kó kan tó, lè pa bíbu tó ṣe májèlé náà, kò ní fọ májèlé kúrò. Bí a bá lé ewúrẹ́ jáde nínú ilé, ìgbẹ́ rẹ̀ kì í tẹ̀ lé e jáde.

A ò sọ pé gbogbo bíbu ló ní májèlé o. Ẹ̀pà àti àgbàdo ni aflatoxin fẹ́ràn jù, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ìwọ̀nyí, kí ẹ ṣọ́ra ju gbogbo wa lọ. Ṣùgbọ́n ta ló wà láàárín wa tó lè fojú lásán wo bíbu kan kó sọ pé, èyí ní májèlé, èyí kò ní? Nọ́ọ̀sì kò lè ṣe é, akọ̀wé kò lè ṣe é. Inú yàrá àyẹ̀wò nìkan ni wọ́n ti lè mọ̀ ọ́n.

Níbi tí a dé yìí, a ó jẹ́wọ́ nǹkan kan, kó má baà dà bíi pé orí àga la jókòó sí tí à ń bá yín wí. Ó ti lé ní ogún ọdún. A yá owó, a ra pupuru àpò mẹ́rin, òjò ká wa mọ́ orí omi, nígbà tí a tú àpò, méjì ti bu. Owó èlé ń gorí ara wọn. A fi aṣọ nù ún, a fọ̀ ọ́, a sá a, a tún fi iná sí i lábẹ́, ó funfun. A tà á. Ní ọjọ́ ọjà kejì, obìnrin kan tó rà á, ará òkè ni, ó padà wá. Kò pariwo, kò bú wa. Ó gbé pupuru náà jáde látinú ọ̀rá, ó là á sí méjì níwájú wa. Inú rẹ̀ dúdú. Ó ní, “Ìyá, ẹ bù díẹ̀ nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ jẹ.” A ò lè jẹ ẹ́. Ó wò wá títí, ó ní òun ti sè é fún àwọn ọmọ òun ní ọjọ́ méjì kó tó di pé òun la èyí. A dá owó rẹ̀ padà. Kò kà á, ó kàn lọ. A ò rí i lọ́jà wa mọ́ títí di òní, a ò sì mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kúrò níbẹ̀.

Kí wá ni ìwúlò kíkan fún wa? Ó wúlò gan-an, níbi tó yẹ. Ó ti ń ṣiṣẹ́ fún wa tẹ́lẹ̀, àwa la ń dí i lọ́wọ́. Nígbà tí owó pupuru bá wọ́n tí oníbàárà ń dúró, àwọn kan máa ń kó ẹ̀gẹ́ jáde nínú omi lọ́jọ́ kejì. Kò tíì kan, kò sì tíì rọ̀. Kíkan tó yẹ kó ti wà nínú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Yàtọ̀ sí ti bíbu, májèlé tí Ọlọ́run dá mọ́ ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ kò tíì jáde tán, ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi ń wà nínú omi yẹn ló ń lé e lọ. Nítorí náà, ẹ fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀ kó pé ọjọ́ rẹ̀. Gàrí náà ńkọ́? Bákan náà ni. Gàrí Ìjẹ̀bú tó kan yẹn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé ó ń pẹ́ nílẹ̀. Gbígbẹ tó gbẹ ni olórí ohun tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n kíkan náà ń ràn án lọ́wọ́.

Ògùrọ̀ tó ti di ọtí kíkan pátápátá, tí kò dùn mọ́ rárá, ẹ lè fi nu apẹ̀rẹ̀, àtẹ, pákó àti tábìlì. Ohun òfìfo là ń sọ, kì í ṣe ọjà. Inú apẹ̀rẹ̀ àtijọ́ ni irúgbìn bíbu ń fara pamọ́ sí láti ọjà kan dé èkejì. Ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ wá fi ọtí kíkan nù ún, kó dúró díẹ̀, kẹ́ ẹ fi omi ṣàn án, kẹ́ ẹ sá a gbẹ. Ẹ má gbàgbé omi tẹ́ ẹ ó fi ṣàn án yẹn, torí bí ṣúgà bá ṣẹ́ kù sínú ògùrọ̀ náà, ẹ ti gbọ́únjẹ fún bíbu nìyẹn, eṣinṣin á sì bá a jẹ. Òmíràn nínú ògùrọ̀ tí à ń rà, wọ́n ti bu omi àti ṣúgà sí i kó tó dé ọjà. Ẹni tó ń ṣe é mọ ara rẹ̀. A ò dárúkọ.

Ẹ sì ṣọ́ omikan àti ọtí kíkan fúnra wọn. Bí wọ́n bá pẹ́ nílẹ̀ láìbò, awọ funfun kan máa ń bo ojú wọn. Nǹkan yẹn ń jẹ kíkan náà ni. Bó bá jẹ ẹ́ tí kíkan fi dín kù, ọ̀nà ti ṣí fún bíbu. Ẹni tó ń pààrọ̀ omi orí ògì kò ṣe é lásán.

Ẹnì kan ní, kí ló dé tí a ò kúkú lo ògógóró, ṣebí ó le jù. Ẹ jọ̀ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ọtí líle kì í yọ májèlé bíbu nínú oúnjẹ. Lẹ́ẹ̀kejì, gbogbo wa la rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè, ẹ̀bá wa níbí, ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, nígbà tí àwọn èèyàn mu ògógóró, ojú wọn fọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn kú. Methanol ni wọ́n bá nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọtí tí a ò mọ ẹni tó pọn ọ́n, kó má dé ibi tí oúnjẹ wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Sniper. Láti ọdún 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n má ta ìgò kékeré rẹ̀ nínú ọjà mọ́, síbẹ̀ a ṣì ń gbọ́ pé àwọn kan ń fi wọ́n ẹja gbígbẹ nítorí kòkòrò. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá mú, a ò ní bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ohun tó ń lé bíbu jìnnà gan-an ni gbígbẹ. Ẹ jẹ́ kí pupuru pẹ́ lórí iná, iná kékeré, kó gbẹ dé inú. Ẹ mú ẹyọ kan nínú ìdì kọ̀ọ̀kan, ẹ là á wò. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan láti la ẹyọ kan nítorí owó rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò tó àpò kan. Ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá kẹ́ ẹ tó dì í. Ẹ má gbé àpò sílẹ̀ ní tààrà, ẹ fi pákó sábẹ́ rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kó jìnnà sí ògiri díẹ̀. Ẹja yíyan tó bá ti pé ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin láìtà ní àsìkò òjò, ẹ dá a padà sórí iná. Nínú ọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe òkè nìkan ni kẹ́ ẹ ta tapólì bò, omi tó ń wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń ba ọjà jẹ́ jù, ẹ tẹ́ igi sísàlẹ̀ kẹ́ ẹ tó to àpò lé e.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ ó ní, akọ̀wé, gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ọjà tó ti bu tẹ́lẹ̀ ńkọ́, ta ló máa san owó rẹ̀? Ìbéèrè gidi nìyẹn, torí kì í ṣe ìwà burúkú ló ń jẹ́ kí ìyá ọlọ́mọ máa nu pupuru. Gbèsè ni. Àwa náà, gbèsè ló mú wa ṣe tiwa. Béèyàn bá mọ̀ pé tí òun bá da àpò méjì nù, òun á jẹ gbèsè títí di ọdún tó ń bọ̀, yóò wá ògùrọ̀ kíkan kiri, yóò sì gba ohunkóhun tí wọ́n bá sọ fún un gbọ́.

Nítorí náà ni ìgbìmọ̀ ṣe jókòó lé e lẹ́ẹ̀mejì. Ìyálọ́jà ti fọwọ́ sí i pé kí a yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú owó ìtàsẹ́ ọjọ́ ọjà, láti ìsinsìnyí títí òjò yóò fi dá. Ẹni tí ọjà rẹ̀ bá bu, kó gbé e wá fún ìgbìmọ̀ kó tó gbé e sórí àtẹ. Wọ́n á wò ó, wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n á sun ún lójú gbogbo wa. Ẹgbẹ́ á dá ìdajì owó tó fi rà á padà fún un. Ìdajì ni o, kì í ṣe gbogbo rẹ̀, kó má baà di pé ẹnì kan ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí ọjà rẹ̀ bu. Ẹni tó bá gbé ọjà tó ti bu sórí àtẹ lẹ́yìn tó ti nù ún tàbí tó ti fọ̀ ọ́, kò ní gbà nínú owó yẹn, àtẹ rẹ̀ á sì wà ní títì fún ọjọ́ ọjà mẹ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé òun fẹ́ gbé e fún ẹran ọ̀sìn jẹ o. Ẹ rántí tòlótòló.

Àwọn tó lòdì sí èyí sọ tiwọn ní ìgbìmọ̀, a sì kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n ní owó náà lè má tó bí òjò ọdún yìí bá pọ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Bí kò bá tó, a ó pe ìpàdé.

Ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, kí oníkálukú gbé apẹ̀rẹ̀ àti àtẹ òfìfo rẹ̀ wá sẹ́yìn ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kí agogo mẹ́jọ àárọ̀ tó lù. Ọṣẹ wà nílẹ̀, omi wà nílẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ta ògùrọ̀ ti ṣèlérí kẹ́ẹ̀gì mẹ́ta tó ti kan dáadáa, a ti tọ́ ọ wò, eyín wa ṣì ń kan wá di àkókò yìí. Kí ẹ mú kànrìnkàn tiyín dání.